Oògùn Gidi, Oògùn Ẹfun

Ẹ̀kọ mímu ló dá ìjà àárọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀. Sàdíátù ti pò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ikùn aláìsàn ṣe ń fẹ́ ẹ, ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó gbé e sórí tábìlì ìdáná kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ràódàt, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ti Skokie, lápá kejì Chicago, wá láti ọjọ́ Jímọ̀ tí kò sì tíì sọ ọjọ́ tí òun máa padà, fi ṣíbí bu ẹ̀kọ náà sókè, ó ń wò ó bó ṣe ń ṣàn padà sínú abọ́.

"Sàdíátù, ṣé omi gbígbóná lo fẹ́ fún àbúrò mi mu ni?"

"Àǹtí, àwọn dietitian ló ní kò gbọdọ̀ ki."

"Àwọn dietitian! Ṣé wọ́n mọ bí Daud ṣe sanra tó kó tó bọ́ sí yín lọ́wọ́?"

Sàdíátù mọ̀ pé "yín" yẹn kì í ṣe ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òun nìkan ni wọ́n dà á bò lórí. Ó gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó fi í sí àyè rẹ̀. Obìnrin tó ń retí irú ọjọ́ tí òun ń retí yìí kì í bá ẹ̀gbọ́n ọkọ jà nítorí ẹ̀kọ.

Fóònù Ràódàt ń sọ wáàsí lórí tábìlì, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Bí áfáà bá ti ṣàdúrà kan, Ràódàt á dá èébú dúró lágbedeméjì, á ní "Àmín," á sì padà síbi tó bá a dé. Salihat, ọmọbìnrin wọn tó wà ní yunifásítì, máa ń sọ pé bí ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà nínú mọ́tò bá ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, Big Mummy á ní àmín.

"Aràn lásán-làsàn," ni Ràódàt ń wí. "Nílé, gbogbo ọmọléèwé ló ń jẹ oògùn aràn bí ẹni ń jẹ súìtì. Wọ́n á jẹ ẹ́ lónìí, aràn á jáde lọ́la, ọ̀rọ̀ á parí. Mo gbé e wá láti Ìlọrin, ẹ kọ̀, ẹ ò fún un. Àmín."

"Kì í ṣe aràn, Àǹtí. Kòkòrò ni. Ojú lásán ò lè rí i."

"Èyí tójú ò rí ló sọ ọkùnrin tó ń forí kan àtẹ́rígbà di èyí tí mo lè gbé pọ̀n?"

Ká má parọ́, ìbéèrè rẹ̀ kò burú. Kòkòrò tó wà nínú Daud yìí, bó bá bọ́ sínú ẹlòmíràn, ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ díẹ̀ ni, ara á lé e jáde. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tó wà nínú Daud kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnìkan ló kú kí ó tó jogún rẹ̀. Kí ara rẹ̀ má baà kọ kíndìnrín àlejò náà, oògùn ni wọ́n fi ń kun àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ lóorun lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ní kí ọlọ́dẹ sùn kò sì lè bínú pé olè wọlé. Láti ìgbà tí ewé ti ń wọ́ lára igi ni inú rẹ̀ ti ń ṣí. Yìnyín rọ̀, yìnyín ń yọ́ báyìí, inú náà kò tíì dúró.

Oògùn wà. Ohun tó ń bí ènìyàn nínú nìyẹn. Oògùn wà, wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ adójútòfò ní kò sí ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́ fún irú ènìyàn bíi Daud, nítorí náà àwọn kò ní sanwó rẹ̀, owó rẹ̀ sì ju ohun tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù lè fi ojú wò. Kí ló dé tí ẹ̀rí kò fi sí? Nítorí pé kò sẹ́ni tó fara balẹ̀ dán an wò lára irú wọn ni. Àwọn tí ara wọn ti rọ kò pọ̀ tó láti pa oníṣòwò lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá kan nínú ìgboro Chicago wá gbà láti dán an wò wàyí, inú ikùn Daud àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ní ẹ̀rí ti máa jáde.

Ìdánwò ni Salihat pe ètò náà lédè Yorùbá nígbà tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Lemọ́mù tó wá kí wọn sì pe àìsàn náà fúnra rẹ̀ ní ìdánwò. Sàdíátù rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìdánwò méjì lórí ọkùnrin kan ti pọ̀ jù.

Bí ètò náà ṣe lọ nìyí. Wọ́n á pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan á máa jẹ oògùn gidi, apá kejì á máa jẹ hóró tó jọ ọ́ délẹ̀délẹ̀ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹfun ni Sàdíátù ń pè é. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń jẹ, nọ́ọ̀sì kò mọ èyí tí òun ń fún un. Nígbà tí ìgò àkọ́kọ́ bá tán, tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ wọn yẹ̀ wò, gbogbo wọn pátá ló máa gba ìgò kejì, gidi sì ni ìgò kejì fún onígidi àti ẹlẹ́fun. Òní ni ọjọ́ ìgò kejì.

Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí, Daud jáde, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri. Kó tó di ẹni ilé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lọ wo mọ́tò tó bá ní ìjàǹbá, kó yí i po, kó sọ èyí tí wọ́n lè tún ṣe àti èyí tó ti di total. Láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ẹ̀kọ yẹn sílẹ̀," ó wí. "Mọ́tò tó ti total, ẹ tún fẹ́ gbé e lọ sí car wash."

"Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́! Daud, gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì!"

"Òní ni wọ́n máa fún wa ní gidi, Bàbá Salihat," ni Sàdíátù sọ. Ó so bàtà fún un, nítorí bó bá tẹríba fúnra rẹ̀, ojú máa ń ṣú u. "Ẹ jẹ́ ká tètè lọ gba tiwa."

Daud rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dé ojú rẹ̀. Lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ìgò àkọ́kọ́, ikùn náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sùn mọ́jú, ó tilẹ̀ jẹ móínmóín kan tán. Inú gbogbo ilé dùn, wọ́n ní gidi ló bọ́ sí àwọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n gbà gbọ́ mọ́. Sàdíátù nìkan ló mọ ohun kan tí àwọn yòókù kò mọ̀, ó sì ti ń gbé e kiri bí ẹni tó di iná mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ.

Bí wọ́n ṣe ń jáde ni wọ́n pàdé Ìyá Awwal, aládùúgbò wọn tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, tó ń gbé kúlà oúnjẹ sílẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ gbé e sílẹ̀ kó sá lọ ni. Ó wọ ìbọ̀wọ́, kò sì bọ́ ọ láti kí ènìyàn.

"Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o. Jollof lásán ni. A ń fi yín sínú àdúà." Ó wo Daud tó ń wọ mọ́tò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Sàdíátù, má bínú o. Ṣé ó dá ẹ lójú pé inú rírun lásán ni? Nítorí àwọn kan ń sọ ọ́ pé... irú àrùn kògbóògùn tí ara kì í fi í lè jà mọ́ yẹn. Èmi ò sọ o. Àwọn kan ni."

"Ẹ bá mi kí àwọn kan," ni Sàdíátù fèsì. Ata tó wà nínú jollof náà ń ta ènìyàn nímú láti inú kúlà. Oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ pé aláìsàn kò lè jẹ ni wọ́n fi wá wádìí rẹ̀.

Sàdíátù ló wakọ̀. Daud jókòó lórí aṣọ ìnura tí wọ́n ká sí méjì, ó wọ ìlédìí àgbàlagbà lábẹ́ ṣòkòtò, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn. Wọn kò tíì jìnnà sí Country Club Hills, àdúgbò wọn, nígbà tí fóònù dún, orúkọ sì yọ gàdàgbà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: Mummy Máyọ̀wá.

"Ta nìyẹn?" Daud béèrè.

"Obìnrin kan tí a jọ máa ń jókòó ní clinic. Màá pè é padà." Ó pa á. Fóònù tún dún, ó tún pa á.

Ẹ̀rínọlá lorúkọ obìnrin náà, Flossmoor nílé rẹ̀, onígbàgbọ́ ni. Máyọ̀wá ọmọ rẹ̀ ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀; oògùn tí wọ́n fi pa jẹjẹrẹ náà ló pa àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀, kòkòrò sì rí àyè wọlé. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Daud gba ìgò. Bí Ẹ̀rínọlá ṣe gbọ́ tí Sàdíátù ń fi Yorùbá bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní yàrá ìdúró ló ti yí àga padà. "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀," ó ní, ó ń wo àwọn aláìsàn tó jókòó yíká, "a ò mọ èyí tí inú ń run. Àwa tiwa, gbogbo wọn ni inú ń run, èyí tó ń jẹ oògùn la ò mọ̀."

Sàdíátù ló dá a lábàá, kì í ṣe Ẹ̀rínọlá. Ẹ jẹ́ ká fi òtítọ́ náà síbi tó wà. Ó ti rí ọmọ náà: ojú rẹ̀ jìn, apá rẹ̀ rí bíi ti ọmọ orogún tí ebi ń pa, ẹgbẹ́ Salihat ni. Wọ́n sì ti kọ́ Sàdíátù láti kékeré pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni gidi wà, ọmọ yẹn á máa jẹ ẹfun títí yóò fi kú ṣáájú ìgò kejì. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ náà ló wà, Daud náà á máa jẹ ẹfun. Ká dà á pọ̀. Ká pín in. Kí ẹnikẹ́ni má dá jẹ erùpẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìgò náà gan-an, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin Flossmoor ni wọ́n ti ṣe é, nínú mọ́tò Sàdíátù, nínú abọ́ funfun tí ó fi ń pín sàárà bó bá di Máólúdì. Wọ́n da ìgò méjèèjì sínú rẹ̀, wọ́n rò ó pọ̀, wọ́n pín in ní dọ́gbadọ́gba. Ẹ̀rínọlá ṣàdúrà lórúkọ Jésù, Sàdíátù ka Fátíà, wọ́n sì ṣe àmín fún ara wọn. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó wakọ̀ padà sílé bí ẹni tó ti rí ọgbọ́n tí dókítà kò rí.

Ní ilé ìwòsàn, Marvin ló máa ń dá wọn lóhùn. Òun ló ń mójú tó àwọn tó wà nínú ìdánwò náà. Ọmọ Chicago gidi ni, aláwọ̀ dúdú, aláwàdà, tó máa ń pe Daud ní Mr. D, tó sì ti kọ́ "ẹ káàárọ̀" lẹ́nu wọn. Lónìí, kò kí wọn ní Yorùbá. Ó mú wọn wọ yàrá kékeré kan, ó ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ọwọ́ náà ni Sàdíátù ń wò, kò wo ojú rẹ̀.

Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní yàrá àyẹ̀wò kan wà ní ìlú mìíràn tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn ránṣẹ́ sí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló mọ ẹni tó ń jẹ kí ni. Wọ́n rí oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan tí kò yẹ kí oògùn wà lára rẹ̀. Wọ́n sì rí i tó kéré jù lára ẹlòmíràn. Ó ní òun ní láti béèrè, ẹ má bínú, ṣé oògùn ẹlòmíràn bọ́ sínú tiyín?

Daud gbé orí sókè. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. "No, sir. Fraud ni mo fi gbogbo ayé mi wádìí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Inú ilé mi kọ́."

Marvin wo Sàdíátù. Daud náà wá wo Sàdíátù, nítorí pé kò gbọ́ kí ó ṣe atótónu bó ṣe máa ń ṣe. Bọ́tìnnì aṣọ òtútù rẹ̀ ló ń yí, ó yí i títí okùn rẹ̀ fi já, ó sì bọ́ sílẹ̀.

"A dà á pọ̀ ni," ó wí ní Yorùbá, kó tó rántí pé èdè tí Marvin kò gbọ́ ni. Ó wá sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ ti abọ́, ó sọ ti Flossmoor. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò dà bí àánú mọ́. Ó dà bí olè.

Marvin bo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ire ló fi ṣe é. Ó ní ìyá tòun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò náà ti bàjẹ́ lára àwọn méjèèjì, wọ́n ní láti yọ wọ́n kúrò, kì í ṣe òun ló ń pinnu. Ìgò kejì, àwọn tó bá ṣì wà nínú rẹ̀ nìkan ló wà fún.

"Kí wọ́n má fún mi," ni Sàdíátù ń sọ. "Èmi ni mo ṣẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun."

"Ma'am, mo ti bẹ̀ wọ́n kí ẹ tó dé." Lẹ́yìn náà ló ní ohun kan kù tí òun gbọ́dọ̀ sọ, kí dókítà kíndìnrín Daud lè mọ ohun tó wọ inú ara rẹ̀. Ìgò ti Daud, gidi ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, gidi ni.

Sàdíátù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Daud dìde fúnra rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Marvin.

Wọ́n bọ́ sí títì márosẹ̀. Sàdíátù ì bá fẹ́ kí Daud bú òun, kó bú gbogbo ìdílé òun láti òkè délẹ̀. Daud ń wo ojú fèrèsé, yìnyín dúdú tó kù lẹ́bàá ọ̀nà ń kọjá lọ. Ó ní kó yà sí ilé epo kan. Ó wọlé, ọmọ tó wà nídìí kántà ní àwọn tó bá ra nǹkan nìkan ló lè lo balùwẹ̀, Sàdíátù sì sáré ra ṣingọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ. Ó pẹ́ kí Daud tó jáde. Aṣọ ìnura orí àga, Sàdíátù ló pààrọ̀ rẹ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n ti ń sún mọ́ ilé ni Daud tó la ẹnu. "Ọmọ náà, báwo ló ṣe dàgbà tó?"

"Ẹgbẹ́ Salihat ni."

Ó mi orí. "Ní yard wa, bí mọ́tò méjì bá jọ jẹ́ irú kan náà, èyí tí a bá ti total, ẹ̀yà ara rẹ̀ la máa ń tú fún èyí tó ṣì lè rìn." Ó yíjú padà sí fèrèsé. "Àmọ́ ẹni tó ni mọ́tò la máa ń bi léèrè, Sàdíátù. A kì í kàn tú u."

Kò pè é ní Ìyá Salihat. Ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ràódàt ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ de wọ́n láìka òtútù sí. Ó ti se ọbẹ̀ ẹja kan tó ní kò lata, ilé sì ń ta sánsán. "Ìgò náà dà?" ó ń wí. "Alhamdulillahi! Ẹ jẹ́ kí n rí i, kí n ṣe àdúà sí i."

Daud kọjá lára rẹ̀, ó gba balùwẹ̀ lọ. Sàdíátù ló dúró sí ìdáná, ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò bu iyọ̀ sí i. Salihat, tó ti ti yunifásítì dé, tó ń kàwé lórí kọ̀ǹpútà, pa á dé.

"O ṣe kí ni?" ni Ràódàt béèrè.

"Mo rò pé..."

"O rò! O gbé oògùn àbúrò mi fún ọmọ onígbàgbọ́ tí o ò mọ bàbá rẹ̀! Sàárà wo ló jẹ́ pé ẹ̀mí ọkọ ni wọ́n fi ń ṣe é?" Ó jókòó, ó dìde. "Igún ṣoore, ó pá lórí. Àkàlà ṣoore, ó yọ gẹ̀gẹ̀. Ìwọ, orí ọkọ rẹ lo fi pá!"

"Big Mummy, please," ni Salihat wí. "Kò mọ̀ pé tiwa ni real one. It was fifty-fifty." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, omi sì ti dé ojú rẹ̀. "But Mummy, ṣé ẹ ò lè bi mí? They test the blood. Wọ́n sọ ọ́ fún wa. Mo wà níbẹ̀, mo sọ ọ́ fún yín ní Yoruba. All we had to do was wait."

"Ó ń kú lọ, Salihat," ni Sàdíátù sọ. "Mo ń wò ó, ó ń kú lọ."

"Ó ṣì ń kú lọ náà nìyẹn," ni ọmọ rẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Ọbẹ̀ ń hó lórí iná, kò sẹ́ni tó rò ó. Sàdíátù ti ro gbogbo ohun tí wọ́n lè sọ fún un láti ilé ìwòsàn délé, èyí kò sí nínú wọn.

Ràódàt ló kọ́kọ́ gbọn ara rẹ̀ jí. "Ó kù lọ́wọ́ wọn? Ó gbọ́dọ̀ kù. Fóònù ẹ dà? Pe obìnrin náà. Kó kó èyí tó kù wá kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá lọ bá a ní Flossmoor, màá sì ṣépè fún un níwájú ilé rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́! Fi sí speaker. Èmi ni màá bá a sọ̀rọ̀."

Sàdíátù tẹ̀ ẹ́, nítorí kò ní agbára láti kọ̀. Ràódàt fa aṣọ ìborí rẹ̀ sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀, ó la ẹnu.

"Ìyá Salihat! Ìyá Salihat mi!" Ohùn Ẹ̀rínọlá ti gba ìdáná kan. "Mo ti ń pè yín láti àárọ̀! Ṣé ẹ ti gbọ́? Wọ́n pè wá, wọ́n yọ wá. Wọ́n ní tiwa ni ẹfun! Ẹfun pátápátá! Ṣé ẹ rí ayé? Tiyín ni gidi. Tiyín ló wọ inú ọmọ mi." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Máyọ̀wá jẹ ìrẹsì lánàá. Abọ́ kan. Ó sùn mọ́jú. Dókítà rẹ̀ ní egungun rẹ̀ ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, ìdajì oògùn yẹn ló dì í mú títí èyí fi dé. Hóró tó gbẹ̀yìn ló mì lálẹ́ àná. Ìyá Salihat, ẹ̀yin lẹ bí ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kejì. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Àmín," ni Ràódàt wí. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. Ó di ẹnu rẹ̀ pọ̀, ó sì ń wo fóònù náà bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

"Àwọn ńkọ́? Bàbá Salihat ńkọ́? Nígbà tó jẹ́ pé ilé yín ni gidi wà, wọ́n á ti dá ṣáṣá nìyẹn!"

Gbogbo ẹni tó bá ti jẹ́ ọmọ Yorùbá ló mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni, òun náà ni wọ́n fi ń dáhùn nígbà tí ara bá yá àti nígbà tí kò bá yá.

"A dúpẹ́," ni Sàdíátù sọ.

"Ẹ ṣeun, Jésù! Bí ọmọ mi ṣe jókòó jẹun lánàá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ yín á máa jókòó jẹun pẹ̀lú yín, yóò pẹ́ fún yín."

Ó dúró de àmín. Sàdíátù la ẹnu, kò rí i níbẹ̀. Salihat ń wo ilẹ̀. Ràódàt, tó ń ṣe àmín sí gbogbo nǹkan láyé, yíjú sí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Àdúrà náà wà láàárín wọn lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Àmín o," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀.

"Áà, ṣé àwọn nìyẹn?" Ẹ̀rínọlá béèrè. "Ohùn wọn mà já gaara o. Ẹ bá mi kí wọn dáadáa."

"Wọ́n gbọ́ yín," ni Sàdíátù dáhùn, omi sì tún dà nínú balùwẹ̀.